BRCA1 pé, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́: báwo ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin ṣe ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́?

Olùkọ́_Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè kan rèé tó yẹ ká tú palẹ̀. Obìnrin kan ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin, irú èyí tí wọ́n ń pè ní high-grade serous. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìwé tó jáde ní kò sí àṣìkọ (mutation) kankan nínú BRCA1 àti BRCA2, àwọn jíìnì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì tún DNA ṣe. Wọ́n wá yẹ ẹran kókó náà fúnra rẹ̀ wò, ìwé kejì ní sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò lè tún DNA rẹ̀ ṣe mọ́, àfi bí ẹni pé BRCA1 ti kú. Ìwé méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Èwo ni ká gbà gbọ́? Tí jíìnì bá pé pérépéré, kí ló lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dé gbòǹgbò. Àwọn ọmọ SS3 máa kà á, àwọn ìyá wọn náà sì lè kà á.

Láàbù_Lọ́kọ́jà

Okun, Olùkọ́. Ìwé méjèèjì ló sọ òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ ohun tí obìnrin náà gbà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀. Ẹran kókó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ojú kan ṣoṣo nínú ara.

DNA inú sẹ́ẹ̀lì ojú àti DNA inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ọ̀kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni jíìnì tí wọ́n ń kà àti èyí tí wọ́n pa dé. Níwájú jíìnì kọ̀ọ̀kan ni promoter wà, ibi tí RNA polymerase máa ń balẹ̀ sí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í da jíìnì náà kọ sí RNA. Promoter BRCA1 kún fún ibi tí lẹ́tà C ti ṣáájú G. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ DNMT lè lẹ methyl, àmì kẹ́míkà kékeré kan, mọ́ àwọn C wọ̀nyẹn. Bí methyl bá ti pọ̀ níbẹ̀, àwọn purotéènì tó ń dá methyl mọ̀ á dé, wọ́n á mú ẹ́ńsáìmù HDAC wá, HDAC á gé acetyl (àmì kẹ́míkà mìíràn) kúrò lára histone, purotéènì tí DNA ń wé mọ́, DNA á wé mọ́ histone pinpin, polymerase kò ní ríbi balẹ̀ sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò yí padà. Ẹ wo aṣọ ìpò Bùnú tí wọ́n ká, tí wọ́n sì fi okùn dì: gbogbo iṣẹ́ ọnà tí wọ́n hun sí i wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rí i àfi tí wọ́n bá tú u.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ka jíìnì, lẹ́tà ló ń kà, kì í ka methyl. Ìyẹn ló fi kọ ọ́ pé kò sí àṣìkọ. Nínú iṣẹ́ TCGA, ìwádìí ńlá lórí jíìnì jẹjẹrẹ, tó jáde ní 2011, wọ́n yẹ kókó high-grade serous 489 wò, methyl sì ti pa BRCA1 lẹ́nu mọ́ nínú nǹkan bí 11 nínú 100. Níbi tí methyl bá ti ṣe iṣẹ́ yìí, a kì í sábà bá àṣìkọ BRCA níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan ti tó sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà.

Ayọ̀_Ìyàrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tí kì í bá ṣe àjogúnbá, ṣé ó já sí pé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti bọ́ nínú ewu? Ṣé kí wọ́n má wulẹ̀ ṣàyẹ̀wò mọ́?

ỌmọMọ́pà_Jẹnẹ́tíìkì

Ayọ̀, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ dá lórí irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé àṣìkọ mẹ́ta péré ló ń wá: 185delAG àti 5382insC nínú BRCA1, àti 6174delT nínú BRCA2. Àwọn Júù Ashkenazi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ọmọ Yàgbà tó bá ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n kọ "kò sí" fún, kò tíì mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, èyí tí wọ́n ti rí léraléra ni Y101X nínú BRCA1: lẹ́tà T kan di G ní ipò 303, purotéènì náà sì já ní ojú 101, nígbà tó yẹ kó gùn dé 1,863. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2018, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade wà lára àwọn tó darí rẹ̀, 7 nínú 100 ló ní àṣìkọ BRCA1, nǹkan bí 4 nínú 100 sì ní ti BRCA2. Ìyẹn kì í ṣe iye kékeré rárá.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n ka jíìnì méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì tún wá ibi tí odindi ègé jíìnì ti sọnù. Kíka lẹ́tà lásán lè fo irú ìsọnù bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò MLPA ló máa ń rí i. Bí wọ́n bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹ̀jẹ̀ sì mọ́, tí kókó sì fi methyl hàn, ewu àwọn ọmọ kéré gan-an sí ti ẹni tí ìyá rẹ̀ ní àṣìkọ àjogúnbá. Methyl inú kókó kì í sábà kọjá sára ọmọ. Bí ìwé bá sì kọ VUS, ẹ má kà á sí àṣìkọ tó ń pani. Ó túmọ̀ sí pé wọn kò tíì mọ ohun tí lẹ́tà tó yí padà yẹn ń ṣe. Ó máa ń pọ̀ nínú ìwé àwa aláwọ̀ dúdú torí pé jíìnì wa kò tíì pọ̀ nínú àkójọ tí wọ́n fi ń wéra. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ torí VUS yọ ilé ẹyin.

Àṣìkọ gidi ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2017, nǹkan bí 44 nínú 100 obìnrin tó jogún àṣìkọ BRCA1 ló ń ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin kó tó pé ọmọ 80 ọdún. Ti BRCA2 jẹ́ nǹkan bí 17. Láàárín obìnrin yòókù, ó lé díẹ̀ ní 1 nínú 100. Ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ni kí ẹni tó ní ti BRCA1 yọ ilé ẹyin àti ọ̀nà ẹyin láàárín ọmọ ọdún 35 sí 40, tó bá ti bímọ tán. Ẹni tó ní ti BRCA2 lè dúró di 40 sí 45.

Apòògùn_Kábbà

Ẹ jẹ́ kí n gba ibi àmì wọlé, torí jíìnì kì í dá ara rẹ̀ tàn. Ẹnì kan ló máa ń jíṣẹ́ fún un láti ìta.

Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín máa ń dúró de àṣẹ. EGF, purotéènì tó ń gbé àṣẹ wá láti ìta, á bá EGFR tó ń gbà á lára awọ sẹ́ẹ̀lì, EGFR méjì á so pọ̀, wọ́n á lẹ phosphate mọ́ ara wọn. GRB2 á wá gun ibẹ̀, SOS á tẹ̀ lé e. SOS á mú kí RAS ju GDP sílẹ̀, kó sì di GTP mú. RAS tó bá ti di GTP mú ti jí: á jí RAF, RAF á jí MEK, MEK á jí ERK, ERK á wọ inú núkílọ́ọ̀sì lọ tan MYC àti cyclin D1, àwọn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pín. Lẹ́yìn náà RAS á gé GTP di GDP, á sì padà sùn. Àṣìkọ ní ojú 12 KRAS ló máa ń ba gígé yẹn jẹ́. Àṣẹ á wá máa lọ láìsí ẹni tó rán an.

Ọ̀nà kejì ni PI3K. Òun ló ń sọ PIP2 di PIP3 lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. PTEN ló ń dá a padà. AKT á lọ bá PIP3, PDK1 á lẹ phosphate mọ́ ọn ní Thr308, mTORC2 á lẹ òmíràn ní Ser473. AKT tó ti gba méjèèjì á lé FOXO jáde kúrò nínú núkílọ́ọ̀sì. Ibí yìí ni kí àwọn ọmọ SS3 dúró lé dáadáa: FOXO ló ń tan p27, tó ń dá ìpín sẹ́ẹ̀lì dúró, àti BIM, tó ń mú sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ kú. Bí FOXO bá ti jáde, jíìnì méjèèjì á dákẹ́. Methyl kankan kò sí lórí wọn, àṣìkọ kankan kò sí nínú wọn. Àmì láti ìta ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, tí PTEN bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa dá PIP3 padà sí PIP2, AKT á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin sì ń lo ọ̀nà méjèèjì yìí, RAS àti PI3K.

Láàbù_Lọ́kọ́jà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Apòògùn, àlàyé yẹn mọ́lẹ̀ rekete. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kò gbọdọ̀ dúró bẹ́ẹ̀. "Jẹjẹrẹ ilé ẹyin" kì í ṣe àrùn kan. Àrùn púpọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, ọ̀nà àmì wọn sì yàtọ̀ síra.

High-grade serous, tó pọ̀ jù, TP53 (jíìnì tó ń ṣe purotéènì p53, tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró) ló bàjẹ́ nínú nǹkan bí 96 nínú 100 rẹ̀. Àṣìkọ KRAS ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Etí ọ̀nà ẹyin, níbi tó ya bí ìka, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣí lọ sórí ilé ẹyin. Low-grade serous ni ti KRAS àti BRAF. TP53 rẹ̀ sábà máa ń pé. Òun ni oògùn tó ń dá MEK dúró wúlò fún, ní oṣù karùn-ún 2025 sì ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí avutometinib pẹ̀lú defactinib fún èyí tó padà wá tí KRAS rẹ̀ sì ní àṣìkọ. Clear cell: ARID1A bàjẹ́ nínú nǹkan bí ìdajì, PIK3CA náà máa ń bá a rìn. ARID1A fúnra rẹ̀ wà lára ẹgbẹ́ SWI/SNF tó ń sún histone sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí jíìnì lè ṣeé kà, nítorí náà tí òun bá bàjẹ́, ọgọ́ọ̀rọ̀ jíìnì ni ìkà wọn á dàrú lẹ́ẹ̀kan. Granulosa ti àgbàlagbà: lẹ́tà kan ṣoṣo nínú FOXL2, C di G ní ipò 402, ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá mú oògùn MEK fún high-grade torí pé ó kà pé "RAS wà nínú jẹjẹrẹ ilé ẹyin" ti fowó aláìsàn ṣòfò, ó sì ti fàkókò rẹ̀ ṣòfò pẹ̀lú. Orúkọ irú rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ béèrè, ká tó béèrè jíìnì.

Apòògùn_Kábbà

Mo gbà, àtúnṣe yẹn tọ́. Ní ti high-grade, oògùn tí ọ̀rọ̀ BRCA1 kàn jù ni olaparib. Láti Kábbà sí Lọ́kọ́jà, ọ̀nà Òbájànà wà, ọ̀nà Òkénè náà wà. Bí ọ̀kan bá dí, iṣu á gba èkejì dé ọjà. Sẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀nà púpọ̀ tó fi ń tún DNA ṣe. PARP ń tún ibi tí okùn kan ṣoṣo ti já ṣe. BRCA1 àti BRCA2 ń tún ibi tí okùn méjèèjì ti já ṣe, láìsí àṣìṣe. Olaparib á mú PARP, á sì há a mọ́ ara DNA. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ da DNA rẹ̀ kọ, á kọlu ibẹ̀, okùn méjèèjì á já. Sẹ́ẹ̀lì tó ní BRCA á tún un ṣe, èyí tí kò ní á kú. Ìwádìí méjì tó jáde lọ́dún 2005 ló fi èyí hàn, FDA sì fọwọ́ sí olaparib ní oṣù kejìlá 2014.

300 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì 150 mg méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, torí náà kí wọ́n máa ka ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún kan ó kéré tán. Ìkọlù oògùn ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́ yín létí. Clarithromycin àti itraconazole ń mú kí olaparib pọ̀ jù nínú ara. Tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn, 100 mg lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń dín in sí. Rifampicin ń fọ́ ọ dànù kíákíá débi pé kò ní ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n jọ lò wọ́n. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà láàárín wa, nítorí náà ìbéèrè nípa oògùn TB gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé methyl tó pa BRCA1 lẹ́nu mọ́ tó fún olaparib láti ṣiṣẹ́, bíi ti àṣìkọ? Tó bá ṣiṣẹ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí?

ỌmọMọ́pà_Jẹnẹ́tíìkì

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ó lè tó, tí methyl bá wà lórí gbogbo ẹ̀dà BRCA1 inú sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ẹ̀dà kan péré bá ṣí sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á rí BRCA1 ṣe, oògùn á sì yọ̀ lára rẹ̀. Ìyẹn ni ìwé tó kọ "methylated" láìsọ bó ṣe pọ̀ tó kò fi wúlò púpọ̀.

Àṣìkọ ṣòro láti tún ṣe, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì lè ṣe àṣìkọ kejì tó máa dá gbólóhùn náà padà sípò. Methyl yá láti sọnù jù ú lọ. Kímò á pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí BRCA1 wọn dákẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ti wọn ṣí á yè, àwọn ni wọ́n á sì di kókó tó padà wá. Nítorí náà, ẹran tí wọ́n gé ní 2022 kò lè sọ bí kókó 2025 ṣe rí. Bí jẹjẹrẹ bá padà wá, tí methyl ni wọ́n sì gbójú lé, ẹran tuntun ni kí wọ́n gé.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yìn tíátà. Ẹran tí kò bá dára, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà á là. Báwo ni ká ṣe tọ́jú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwa títí á fi dé ìlú tí wọ́n ti máa kà á?

Láàbù_Lọ́kọ́jà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ẹ̀ka yìí ló ń bàjẹ́ jù.

Formalin, omi tó ń pa ẹran mọ́ kó má jẹrà, ni àkọ́kọ́. Ẹ má lo èyí tí wọ́n kàn bu omi lù. Formalin tí kò ní buffer máa ń kan bó bá pẹ́, ìkan yẹn ló ń já DNA wẹ́wẹ́, tó sì ń fi àwọ̀ dúdú-dúdú sílẹ̀ lórí síláìdì. Fún lítà kan: formaldehyde tó wà nínú ìgò (37 sí 40%) 100 mL, omi distilled 900 mL, sodium phosphate monobasic 4 gíráàmù, sodium phosphate dibasic tí kò lómi nínú 6.5 gíráàmù. Ẹ pò ó títí iyọ̀ á fi yòrò, kí pH sì wà ní nǹkan bíi 7. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ìgò.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gé ẹran kúrò lára títí dé inú formalin, kó má kọjá wákàtí kan. Kókó ilé ẹyin lè tóbi bí orí ọmọ. Tí ẹ bá kàn rì í sínú odindi, formalin kò ní dé àárín, àárín á sì jẹrà. Nítorí náà, kí wọ́n là á sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kí formalin sì tó ìlọ́po 10 ẹran náà, nínú ike ẹlẹ́nu gbọọrọ. Ike ẹlẹ́nu tóóró tí wọ́n ti ẹran bọ̀ tipátipá ni mo kórìíra jù, torí ẹran á le mọ́ ibẹ̀, kò ní ṣeé yọ láìfọ́. Ó kéré tán wákàtí 6, kó má kọjá 72. Bí ó bá ti lé, formalin á máa yí C padà sí ohun tí ẹ̀rọ máa kà sí T, wọ́n á sì rò pé àṣìkọ ni. Bí ìgò bá máa dúró lópin ọ̀sẹ̀, ẹ bá ẹni tó máa gbà á sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà ẹyin méjèèjì sí i pẹ̀lú etí wọn, kódà tí ojú bá ń sọ pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n máa gé wọn tán ní mìlímítà 2 sí 3.

Ẹ̀jẹ̀ fún BRCA: 3 sí 5 mL nínú ìgò EDTA, ẹ rọra yí i sókè-sódò kó lè pò, ẹ má gbọn ọ́n. Ẹ má lo ìgò heparin, ó ń dí PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA di púpọ̀, lọ́wọ́. Kó wà ní 2 sí 8 °C, kó má dì.

Àyẹ̀wò methyl gan-an: bisulfite ni wọ́n ń lò. Ó ń sọ C tí kò ní methyl di U, ó sì ń fi èyí tó ní sílẹ̀. Òun náà ń já DNA, ìdí nìyẹn tí ẹran tí formalin ti bà jẹ́ fi ń kùnà níbẹ̀ kíákíá. Bí ìyípadà náà kò bá pé, C tí kò ní methyl á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì kà á sí methyl. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá jẹ́ 30 péré nínú 100 sẹ́ẹ̀lì inú ègé náà, methyl tó kún á dà bí ìdá kan. Pathologist, dókítà tó ń fi maikirosíkóòpù wo ẹran, ní láti sàmì ibi tí jẹjẹrẹ ti pọ̀ kí wọ́n tó ha á.

Ọ̀kan ṣì kù. Nígbà tí wọ́n bá fi àwọ̀ wá p53, ẹran tí kò gba àwọ̀ rárá kì í ṣe ẹran tó dára. TP53 tó bàjẹ́ lè mú kí àwọ̀ ki gidigidi, ó sì lè mú kó pòórá pátápátá. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ìyẹn bá gba àwọ̀ díẹ̀ tí jẹjẹrẹ kò gbà rárá, TP53 ti lọ nìyẹn. Bí ìyẹn náà kò bá gbà, àwọ̀ yín ló kùnà. Ẹ tún un ṣe.

Ayọ̀_Ìyàrà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè tèmi tó kẹ́yìn: CA-125, purotéènì tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, ga ju 35 lọ, omi sì kún inú ikùn. Ṣé ìyẹn ò tó láti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni?

Apòògùn_Kábbà

Kò tó o, Ayọ̀. TB inú ikùn lè mú omi wá, kó sì gbé CA-125 sókè, kó jọ jẹjẹrẹ ilé ẹyin délẹ̀délẹ̀. Fáíbúrọ́ìdì, oyún, nǹkan oṣù, endometriosis, gbogbo wọn lè gbé e kọjá 35. Omi ti jẹjẹrẹ gan-an, VEGF, àmì tó ń kan òpó ẹ̀jẹ̀, ló ń fà á: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń tú VEGF jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ á máa jò, àwọn ọ̀nà omi-ara tó yẹ kó fà á lọ á sì dí. Ẹran tàbí sẹ́ẹ̀lì inú omi náà ló máa sọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kímò tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ní TB, wàhálà gidi ni.

Omi yẹn tún ń ba ìṣírò carboplatin, oògùn kímò kan, jẹ́. AUC ni ìwọ̀n oògùn tí a fẹ́ kí ara rí, GFR ni bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó, a sì ń fi creatinine inú ẹ̀jẹ̀ ṣírò rẹ̀. AUC 5 túmọ̀ sí 5 × (GFR + 25). Obìnrin ọmọ ọdún 58, kílò 60, creatinine 0.9 mg/dL: (140 − 58) × 60 × 0.85, pín in sí 72 × 0.9, GFR bọ́ sí 64.5, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 448 mg. Bí lítà 8 omi bá wà nínú kílò 60 yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan bí 52, oògùn sì ti pọ̀ jù. Ẹ fa omi náà tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí láàbù bá sì kọ creatinine ní µmol/L, ẹ pín in sí 88.4 kí ẹ tó fi sínú ìṣírò.

Olùkọ́_Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Kí ni kí nọ́ọ̀sì wá kọ sórí fọ́ọ̀mù tó ń bá ẹran lọ, kí ìwé tó padà wá lè dáhùn ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú?

Láàbù_Lọ́kọ́jà

Wákàtí tí ẹran jáde kúrò lára àti wákàtí tó wọ formalin, ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bóyá ó ti gba kímò rí, àti ìgbà tó gbà á kẹ́yìn. Kí wọ́n sọ irú jẹjẹrẹ náà ní orúkọ, pẹ̀lú WT1, PAX8 àti p53, àwọn purotéènì tí wọ́n ń fi àwọ̀ wá láti dá irú rẹ̀ mọ̀. Fún high-grade: BRCA1 àti BRCA2 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran, pẹ̀lú ìsọnù ńlá, lẹ́yìn náà HRD (àyẹ̀wò bóyá sẹ́ẹ̀lì kò lè tún okùn DNA méjèèjì tó já ṣe mọ́), àti methyl promoter BRCA1, kí wọ́n sì kọ ìdá tó jẹ́ nínú 100 àti ìdá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà nínú ègé tí wọ́n lò. Láìsí iye méjì tó kẹ́yìn yẹn, ẹ dá ìwé náà padà kí wọ́n kọ ọ́ sí i.